Igi Àgbálùmọ̀ Inú Omi

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín, torí ìdílé oníṣẹ́ awọ ni wá. Lójú tiwa, ohun tí omi wà fún ni kí á fi fọ awọ, kí á fi ṣe àlùwàlá, kí á sì fi se ọbẹ̀. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kì í sì í jẹ́ kí omi ibẹ̀ kọjá kókósẹ̀ wa. Bó bá ti rí ẹni tó ká aṣọ sókè, á lọgun láti òkè pé, "Jáde níbẹ̀!" Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo fẹ́ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì kó lọ sílé wọn.

Ọkọ mi ń bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ káàkiri, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Èmi, àwọn ọmọ wa àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Takie ní ìgboro tí mo ti ń ránṣọ. Màmá ní tiwọn ti ṣe búrẹ́dì tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó ń dùn wọ́n tó ní ó tó. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, mùsùlùmí sì ni èmi, ṣùgbọ́n nínú ààwẹ̀ àwọn gan-an ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi pé, "Ìyàwó mi, dìde, àkókò sààrì ti ń lọ." Èmi náà ni mo máa ń lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ wa ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dán mọ́rán.

Ní Sátidé kan, wọ́n bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ á lè jókòó jẹ́ẹ́. Gbé agolo yẹn, jẹ́ ká lọ wa ekòló."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń lọ. A óò wọ mọ́tò tó ń lọ sí ọ̀nà Iresa, a óò sọ̀ kalẹ̀ ní ibì kan tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ inú oko kajú, a óò sì máa rìn lọ títí a ó fi rí omi. Nígbà kan rí, odò lásán ni. Ìjọba ló sé e, ló wá fẹ̀ di adágún ńlá tí èèyàn ń wo òdìkejì rẹ̀ bí ẹni ń wo ìlú mìíràn. Àwọn obìnrin máa ń fọṣọ létí ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá wẹ̀, bàbá apẹja kan sì wà tó ní ọkọ̀ onípákó, tó máa ń fi àwọ̀n pẹja.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fẹ́ràn bí ọ̀pá ọparun ṣe máa ń wárìrì lọ́wọ́ mi tí ẹja bá ti bu ìjẹ jẹ. Mo fẹ́ràn òórùn ẹrẹ̀ àti bí atẹ́gùn ṣe ń gba orí omi kọjá. Ẹ̀pìyà la sábà máa ń rí pa, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àrọ̀. A óò dáná létí omi, a óò yan díẹ̀ jẹ, a óò kó ìyókù lọ fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí mo ti fi gbogbo ara tẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà, ìsinmi tó wà níbẹ̀ dà bí oorun.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Ibì kan ni Màmá máa ń jókòó sí. Oòrùn ìbáà máa ta síbẹ̀, kí ibòji wà níbòmíràn, ibẹ̀ náà ni. Ní ọ̀kánkán ibẹ̀, orí igi gbígbẹ kan yọ jáde láàárín omi, ẹ̀ka rẹ̀ funfun bí eegun. Ìdí igi yẹn ni wọ́n máa ń ju ìwọ̀ sí. Ìwọ̀ a há, okùn a já, wọn ò ní bínú, wọn ò sì ní kúrò. Wọ́n á so òmíràn, wọ́n á jù ú síbẹ̀. Ètè wọn á máa mì wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àdúrà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú gan-an débi pé gbogbo èèyàn ti lọ sílé. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, ewé kan ò mì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ọkọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń dún tí ọkọ́ bá ń wọ ilẹ̀ líle, ó ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Mo wẹ̀yìn, inú oko kajú dá páropáro. Mo wo iwájú, omi ni. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa, iwájú ni ìró náà ti ń wá.

Mo ní, "Màmá, ta ló ń roko ní ọ̀sán gangan yìí?"

Wọ́n yí ojú sí mi. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára wọn rí, kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìbínú. Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ń ká okùn. Wọ́n da ekòló tó kù sílẹ̀, wọ́n gbé agolo, a sì gbọ̀nà ilé.  Mi ò béèrè mọ́. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ẹnì kan wà ní òdìkejì, pé orí omi a máa gbé ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, mo máa ń ṣíwọ́ kí n lè gbọ́ bóyá nǹkan mìíràn ń dún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá apẹja gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, torí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé mo fẹ́ rí àárín adágún. Màmá dúró létí omi. Nígbà tí a rìn díẹ̀ kọjá igi gbígbẹ yẹn, nǹkan ha ìdí ọkọ̀ wa, krrr, mo sì di etí ọkọ̀ mú.

Mo ní, "Òkúta ni?"

Ó ní, "Rárá, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ má bẹ̀rù, mo mọ ibi tó gbà."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi dúdú, ṣùgbọ́n mo rí i, etí búlọ́ọ̀kù tó tọ́ gbọọrọ, ewédò lé e lórí bí irun, ó ń lọ ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

Bàbá náà ní, "Abà ńlá ló wà níbí kí wọ́n tó sé odò. Àwọn ilé amọ̀ ti yọ́. Èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ nìkan ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan omi níbí. Mi ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Èmi kàn kì í fọwọ́ kàn án ni."

Nígbà tí mo gúnlẹ̀, mo sáré lọ bá Màmá. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé abà kan wà nísàlẹ̀ omi yìí?"

Wọn ò gbójú sókè. "Abà wa ni. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi níyàwó wá." Wọ́n fa okùn díẹ̀, wọ́n tún dẹ ẹ́. "Ẹja kan ń fa ìwọ̀ rẹ lọ́hùn-ún, wo ọ̀pá rẹ."

Ó ya èmi náà lẹ́nu pé mi ò tẹ̀ síwájú láti béèrè. Bóyá torí pé mo mọ̀ pé ìdáhùn wà níbẹ̀, tí mi ò sì fẹ́ kó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀. A retí rẹ̀ títí, kò rọ̀. Kànga ilé wa gbẹ, a ń ra omi lọ́wọ́ oníbárò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù, adágún ti fà, abà ti jáde. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà han Màmá. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Lọ́la ńkọ́? Ṣé oníbàárà kankan ń retí rẹ?"

Mo ní kò sí.

A ò gbé ìwọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tí a rí ti sán bí awọ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì dúró, kò ní òrùlé, ìlà ẹrẹ̀ sàmì sí i lára láti ìsàlẹ̀ dókè. A rí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àwọn yàrá tí kò ní ògiri mọ́, a rí ọlọ, a rí ẹnu kànga. Màmá ń rìn láàárín wọn láìwo ilẹ̀. Níbi tí kò sí ilé rárá, wọ́n á yà, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ gba inú yàrá onílé kọjá. Mo ń tẹ̀lé wọn, èmi náà ń yà.

Igi gbígbẹ yẹn ti jáde tán dé gbòǹgbò. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti tẹ́ ẹní sí ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé kúlà wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin wá, wọ́n ń yan adìẹ lórí ẹyín iná. Ọjọ́ìbí ọ̀kan nínú wọn ni. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà, ó ń jó níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́.

Màmá dúró. Ọwọ́ wọn wà lórí èjìká mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ó wúwo. Mo rò pé wọ́n máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ jágbe.

Ọmọbìnrin tó ń jó rí wa, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ wá jókòó, ẹ wá bá wa jẹun."

Màmá lọ jókòó lórí ẹní wọn. Wọ́n gba ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fẹ́ dín ohùn orin kù nítorí wọn, wọ́n ní, "Ẹ má dín in kù. Ẹ máa jó." Wọ́n wá wo ijó náà títí ó fi rẹ àwọn ọmọ náà, tí wọ́n sì gba ọ̀nà ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ ya fọ́tò.

Ó wá ku èmi àti wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi wà níbí."

Mo súnmọ́ wọn.

"Mo bí ẹnì kan ṣáájú ọkọ rẹ. Obìnrin ni. Ó ti ń sáré kiri, ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ibà ló mú un, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi lọ. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá. O mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ń gbọ́ ọkọ́. Ìdí igi àgbálùmọ̀ yìí ni ìró ẹ̀ ti ń wá. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n ti gbálẹ̀ káàkiri, gbogbo ilẹ̀ ti rí bákan náà."

"Bàbá ọmọ náà ò sọ fún yín?"

"Títí tó fi kú, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, àwọn àgbà á ní kó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ìjọba wá ní omi ń bọ̀, kálukú ń kó ẹrù. Wọ́n ń kó ilẹ̀kùn, wọ́n ń ká páànù. Èmi ò rí nǹkan tí mo lè gbé." Wọ́n fọwọ́ ra ilẹ̀ náà. "Ọjọ́ tí o bi mí pé ta ló ń roko yẹn, èmi náà gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbọ́ ọ. Mo ti rò pé èmi nìkan ni."

 Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Mo kàn di ọwọ́ wọn mú ni. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ fi padà wá kó ẹní wọn.

Lọ́nà ilé, Màmá ní, "Ìwọ ni kí o sọ fún ọkọ rẹ. Ẹnu mi ò gbà á."

Mo sọ fún un nígbà tó wálé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni àkọ́bí. Ta ni kò mọ̀ pé èmi ni àkọ́bí?" Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, ó ga díẹ̀, ó tún wálẹ̀.

"Láti ọjọ́ yìí wá, Màmá? Tí ẹ ń wò mí lójoojúmọ́?"

"Kí ni kí n sọ fún ọ, ọmọ mi? Pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú omi?"

Ó ní a máa wa á jáde, pé a máa gbé e wá sí ibi ìsìnkú ìjọ wọn, kí ó ní ibojì bí ọmọ èèyàn. Ó ti ń wá ẹni tó máa bá wa wa ilẹ̀. Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n ní kí a jọ lọ ná.

Àárọ̀ la lọ, àwa mẹ́ta. Ọkọ mi yí igi náà ká, ó ń wo ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀hún. Ó ní, "Níbo gan-an ni, Màmá?"

"Mo ní mo gbọ́ ọ ni. Mi ò rí i."

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mi ò rí i ni. Tí o bá fẹ́ wa gbogbo abà yìí, wa á."

 Ó wá lóṣòó, ó fi ọwọ́ gbá ojú mú. Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Màmá dá orúkọ náà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n dá a díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ahọ́n òun ṣì mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó dìde, ó kọjú sí ilẹ̀ gbalasa yẹn, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é.

Ohùn kan dáhùn. "Sà!"

 Mo jókòó lulẹ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọbìnrin kékeré kan ti yọ, ó gbé ike dání, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ abà tó wà lókè ni, ó wá ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀ létí omi tó kù. Orúkọ tirẹ̀ náà nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó wo ọkọ mi, ó ní, "Ẹ pè mí, sà?"

 Omijé ń ṣàn lójú ọkọ mi. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ náà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ló rìn lọ bá a. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n nu ẹrẹ̀ kúrò létí ojú rẹ̀. Wọ́n ní, "Òun ló pè ọ́. Ó kàn fẹ́ rí ọ ni. Ṣé ara rẹ le?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó dáa. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, má lọ sí ibi tó jìn."

Ó sáré lọ. A ń wò ó títí tó fi bọ́ sẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọkọ́ tàbí ibojì. Ọkọ mi ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, a sì jọ gba inú oko kajú padà.

Òjò dé lẹ́yìn ìyẹn, ó rọ̀ bí ẹni pé ó ń san èyí tó jẹ. Nígbà tí a tún padà lọ wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì ti wọmi, igi náà sì ti ku ẹ̀ka rẹ̀ lókè. Màmá ò pẹja mọ́. Wọ́n fún mi ní gbogbo ìwọ̀ wọn. Èmi ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé èèyàn mìíràn wà létí omi kí n tó jókòó, mi ò sì jókòó sí ọ̀kánkán igi yẹn rí. Nígbà mìíràn ọkọ mi máa ń bá mi lọ. Kì í pẹja, kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń wo omi ni.

Ohun tó yí padà jù lọ ni ilé wa. Màmá ti wá ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà báyìí, láàárín oúnjẹ, láàárín iṣẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹni tó rìnrìn àjò. Wọ́n á ní kò fẹ́ràn ẹ̀wà. Wọ́n á ní ó máa ń lé adìẹ. Àwọn ọmọ mi gbà á bẹ́ẹ̀, àǹtí wọn ni. Èmi ni ó ṣì máa ń ṣe bákan bákan, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń jà pé ta ni àǹtí máa fẹ́ràn jù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi tó kéré jù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Màmá, èmi àti àǹtí, ta ló dàgbà jù?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró lọ́wọ́ mi. Màmá da ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sínú igbá. Wọ́n ní, "Ìwọ lo dàgbà jù. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé."

Ọmọ náà mi orí, ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú ẹ̀gúsí kan nínú igbá, ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bó o.